Láti Ìwé Mẹ́wàá dé Yunifásítì: Yíyàn Ló Ṣáájú

   

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ ṣe ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó sì ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú relé kò ju ẹyọ kan lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí kò rí yunifásítì wọ̀, orí wọn pé, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Yíyàn ni wọn kò rí yàn bó ṣe yẹ. Òmíràn yan iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀kọ́ tó ṣe ní girama kò bá mu. Òmíràn yan ilé ẹ̀kọ́ tí kò mọ òfin rẹ̀. Òmíràn ẹ̀wẹ̀, bàbá rẹ̀ ló yàn fún un, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sì bá wọn parí ìyókù. Bí a bá tún ọ̀rọ̀ yíyàn ṣe, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

ÀWỌN TÓ TI RÌN ÍN ṢÁÁJÚ WA

Ìlú wa méjèèjì, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe àlejò nídìí ìwé. Ọdún 1896 ni ìjọ CMS dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tó di 1898, àwọn Onítẹ̀bọmi náà ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ti Ìbàdàn kò dé títí di 1948. Nítorí náà, fún ọmọ tó bá ka ìwé yanjú, St. Andrew's ni ibi tí ọkàn ń fẹ́. Láti Ọ̀wọ̀, láti Òkè-Igbó, láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń wá sí Ọ̀yọ́.

Olóyè Michael Adekunle Ajasin wà lára wọn. Ọ̀wọ̀ ló ti wá, ó sì ka ìwé ní St. Andrew's láti 1924 sí 1927. Yunifásítì wù ú, ṣùgbọ́n owó kò sí, ọ̀nà sì jìn. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe títí tó fi rí Fourah Bay College wọ̀ ní Freetown, ó sì gba oyè B.A. ní 1946. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó jáde ní Ọ̀yọ́ ní 1927, ó gba oyè ní 1946. Ọdún mọ́kàndínlógún ló wà láàárín. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979.

D. O. Fágúnwà ti Òkè-Igbó wà ní St. Andrew's láti 1926 sí 1929, ó sì dúró síbẹ̀ lẹ́yìn náà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Kò tíì fojú kan yunifásítì kankan nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938.

Ní ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ rántí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì LAUTECH. Ó kàwé ní Baptist College ní ìlú rẹ̀, ó ṣe olùkọ́ ní Baptist Academy ní Èkó láti 1930 sí 1942, ó ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn, kó tó wá kọjá sí ìlú ọba ní 1946, níbi tó ti ka ìmọ̀ òfin. Ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì nígbà náà.

Kí n má gbàgbé ọmọ Òṣoògùn. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821. Nígbà tó di 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Fourah Bay. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà níhìn-ín ní Ọ̀yọ́ láti 2005.

Kò sí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ gún régé nínú wọn. Àmọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn mọ ilẹ̀kùn tó kàn, ó sì ń múra sílẹ̀ dè é. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹgbẹ́ yín kan bá wọlé lọ́dún yìí tí ẹ̀yin kò wọlé, ẹ má ṣe rò pé ayé ti parí. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

OHUN TÓ Ń ṢÍ ILẸ̀KÙN LÓNÌÍ

Láti 1978 tí ìjọba ti dá JAMB sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo ọmọ ń gbà kọjá. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ọmọ máa ṣe: èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti mẹ́ta mìíràn tó bá iṣẹ́ tó fẹ́ kà mu. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì, lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ 400. Ní 2025, ó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ọmọ tí kò gba tó 200. Bẹ́ẹ̀ Yunifásítì Ìbàdàn kì í dá ẹni tí kò bá tó 200 lóhùn.

Ṣùgbọ́n JAMB nìkan kọ́. Ẹsẹ̀ kejì ni èsì WAEC tàbí NECO: kírẹ́dìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, tí ìṣirò sì wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jùlọ iṣẹ́. Ẹsẹ̀ kẹta ni ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ máa ń ṣe, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ẹsẹ̀ kẹrin, tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀, ni CAPS. Láti 2017, orí ìkànnì JAMB yìí ni yunifásítì ti ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ pé a gbà á, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ gbọ́dọ̀ ti dáhùn pé òun gbà. Ọmọ tí kò bá fi èsì WAEC rẹ̀ sórí ìkànnì náà, yunifásítì kò ní rí nǹkan kan wò. Ọmọ tí kò bá sì dáhùn, àyè rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ pín àyè wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn tó gba máàkì jù lọ láti ibikíbi, 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ náà ká, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì ń fà sẹ́yìn. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìpín nínú 35 yẹn ní Ìbàdàn, ó ní in ní Ifẹ̀ náà. Ọmọ wa tó sì fi Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ṣe ìkejì lórí fọ́ọ̀mù ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀, torí ẹni tó fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò.

LÁTI SS 1 LA TI Ń WÒ Ó

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kì í ṣe ọjọ́ tí a fẹ́ ra fọ́ọ̀mù JAMB ni ó yẹ kí a bi ọmọ pé kí ló fẹ́ ṣe láyé. Ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà gbọ́dọ̀ ní Physics, Chemistry àti Biology. Ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìṣirò, Physics àti Chemistry. Agbẹjọ́rò lọ́la kò gbọ́dọ̀ sá fún Literature. SS 1 ni a ti ń pín àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wa ti ń dákẹ́. A ó gba fọ́ọ̀mù, a ó buwọ́ lù ú, ó tán. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọ á ní nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ ṣe, kò sì ní Biology.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí wà jù. Bí ọmọ bá ń gba F nínú Chemistry láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pe ìyá rẹ̀, kí ẹ sọ òótọ́ fún un. Òbí lè bínú lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n yóò dúpẹ́ lọ́la.

NÍNÚ ṢỌ́Ọ̀BÙ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ẹ bá mi wo ọmọbìnrin kan tí gbogbo yín mọ irú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Àkẹ̀sán. Ó fún un ní owó fọ́ọ̀mù tí ó wé sí etí ìró, ó ní kó lọ bá àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Òwódé. Ọmọ náà dúró lórí ìlà títí di ọ̀sán. Nígbà tó kàn án, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Kí lo fẹ́ kà?”

“Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé sáyẹ́ǹsì lo ṣe?”

“Rárá, àáàtì ni.”

“Wọn ò ní gbà ẹ́. Jẹ́ n bá ẹ fi nǹkan mìíràn sí i. Ilé ẹ̀kọ́ wo?”

“Èyí tó bá dáa, ẹ̀gbọ́n.”

Ó tẹ nǹkan kan síbẹ̀. Ọmọ náà kò ní ímeèlì, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá ṣí ọ̀kan fún un, ó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ọmọ sáré lọ sílé. Ó ṣe ìdánwò, ó gba 214. Lóṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sórí CAPS. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ìwé tí ọ̀rọ̀ aṣínà wà lórí rẹ̀, wọ́n ti fi di búrẹ́dì. Nígbà tí ẹnìkan fi máa sọ fún un pé kó yẹ ìkànnì wò, ọdún ẹ̀kọ́ mìíràn ti ń bọ̀.

Ọmọ yìí yege. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ìṣẹ́jú márùn-ún tó lò níwájú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin òbí, ẹ tẹ̀lé ọmọ yín débẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí olùkọ́ rẹ̀ dání. Fóònù yín ni kí ẹ fi ránṣẹ́ NIN ọmọ sí 55019 tàbí 66019 kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà tó máa fi forúkọ sílẹ̀; káàdì fóònù tí kò ní sọnù ni kó jẹ́. Ímeèlì ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ni kó ṣí i, òun ni kó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

ILÉ Ẹ̀KỌ́ TÍ ỌKÀN Ń FẸ́

Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọ SS 3 báyìí, Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìlọrin àti Èkó ni ẹ ó máa dárúkọ. N kò ní bu omi tútù lé yín lọ́kàn. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan orúkọ ilé ẹ̀kọ́. Yunifásítì tó lókìkí lè má gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ tí ìwọ fẹ́, èyí tí ẹ̀ ń fojú di nítòsí sì lè jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà láàárín ìlú wa méjèèjì, nínú ìrìn tí kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, tòun ti ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Láti 2022 ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ ti wà ní Ìsẹ́yìn. Níhìn-ín ní Ọ̀yọ́, a ní Ajayi Crowther University, a ní Emmanuel Alayande University of Education, a ní Federal School of Surveying níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, a sì ní Federal College of Education (Special) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ afọ́jú, adití àti àwọn mìíràn tó nílò ìrànlọ́wọ́. Àwọn ọmọ láti Sókótó àti Calabar ń wá kọ́ irú iṣẹ́ yìí ní ẹ̀yìn ilé wa, tiwa kò sì mọ̀ pé ó wà.

Kí ẹ má sì ṣe gbàgbé pé ìwé ọdún mẹ́rin lè di ọdún mẹ́fà. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá. LAUTECH náà jìyà rẹ̀ nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni ín: ọ̀rọ̀ owó ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín 2016 sí 2017. Ní 2020 ni Ọ̀yọ́ dá a gbà. Ẹni tó bá ń yan ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè pé báwo ni ètò ọdún wọn ṣe ń lọ.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ti ń sọ nínú pé, “Ọ̀rọ̀ dára, owó ńkọ́?” Láti 2024, ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti wà, NELFUND sì ni àjọ tó ń bójú tó o. Fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, wọ́n máa ń san owó ilé ìwé tààrà sí ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì ṣètò 20,000 náírà lóṣù fún owó ìtọ́jú. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí ìsìnrúùlú ni sísan padà bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá ti ríṣẹ́. Gbèsè ni o, kì í ṣe ọ̀fẹ́, kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí òbí tó ta ilẹ̀ ẹbí, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ wo èyí ná. Àwọn yunifásítì aládàáni kò sí nínú ètò yìí, ẹ fi sọ́kàn nígbà yíyàn.

Ọ̀NÀ Ẹ̀BÙRÚ, ÀTI OJÚ TÍ A FI Ń WO ÈSÌ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Àwọn òbí kan wà tí wọ́n ń san owó kí ọmọ wọn lè ṣe ìdánwò níbi tí wọ́n ti máa kọ ìdáhùn sójú pátákó fún un. Ọmọ á gba A méje, á wọ yunifásítì, á wá dé ìdánwò àkọ́kọ́, kò ní lè dá gbólóhùn kan kọ. Owó tí ẹ san yẹn, ẹ fi ra ìtìjú ni. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ní ìdàkejì, ẹ má ṣe fi èsì pa ọmọ. Ní 2025, JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe, ó sì ní kí ọmọ tó lé ní 370,000 ní Èkó àti ìlà oòrùn gúúsù tún ìdánwò ṣe. Lọ́dún kan náà, WAEC kéde pé 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kírẹ́dìtì márùn-ún pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, ó di 62.96. Ẹ ro iye ọmọ tí wọ́n ti pè ní olódo nílé láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn. Bí èsì bá jáde tí kò dára, ẹ fún ọmọ lóúnjẹ, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ jọ jókòó lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀NÀ KAN Ò WỌ ỌJÀ

Tí ilẹ̀kùn JAMB bá tì, ẹ má jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta kí ẹ máa ra fọ́ọ̀mù kan náà. Ẹni tó ní NCE láti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, tàbí ND láti ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, lè gba Direct Entry wọ ìpele kejì ní yunifásítì láìjókòó ṣe ìdánwò JAMB. Ètò JUPEB àti IJMB, tí wọ́n fi ń múra ọmọ sílẹ̀ de yunifásítì, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún kan. Ọmọ tó gba NCE ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó wọ yunifásítì. Ó lè máa kọ́ni bó ṣe ń kàwé. Ajasin náà ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kó tó wọ yunifásítì.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta parí rẹ̀. Mo bẹ àwọn olùkọ́ pé kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ ní sáà kìíní fún àwọn ọmọ SS 1 àti òbí wọn, kí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ yíyan ẹ̀kọ́. Mo bẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde pé, yàtọ̀ sí kíkun ògiri ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ máa wá ní àsìkò fọ́ọ̀mù JAMB, kí ẹ bá àwọn ọmọ yìí jókòó nídìí kọ̀ǹpútà títí wọn yóò fi kọ nǹkan tó tọ́. Mo bẹ ẹ̀yin òbí pé kí ẹ bi ọmọ yín ní ohun tó fẹ́, kí ẹ sì fetí sí ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ kàwé yín, ẹ mọ òfin ibi tí ẹ̀ ń lọ, ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà yín.

  Ọ̀la òwúrọ̀ ni kí òbí kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀: ẹ bi ọmọ yín ní àwọn ẹ̀kọ́ tó ń ṣe, kí ẹ sì bi í ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.